Educational Management Ni Wọ́n Rò Pé Mò Ń Kà, Kòkòrò Ni Mo Lọ Kọ́

Mo parọ́ fún bàbá mi, mi ò sì kábàámọ̀... Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Tíṣà Biology ni mí ní Ayétòrò níbí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Headmaster tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé Master's nínú Educational Management ló máa tètè sọ mí di vice principal. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni kòkòrò ti gbà mí lọ́kàn! Lọ́dún tí kòkòrò jẹ gbogbo àgbàdo inú àká ìyá ìyá mi n'Íjóun di lẹ́búlẹ́bú, gbogbo ilé ń sunkún, èmi ń fi ike àtíkè kó wọn jọ, mo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n gbà wọlé... mo ṣì fẹ́ mọ̀ ọ́n títí dòní.

Fọ́ọ̀mù méjì ni mo gbà, admission méjèèjì jáde, mo mú ti kòkòrò, Entomology. Mo ní kí n fi tó bàbá mi létí, wọ́n ní, "Kòkòrò wo ló fẹ́ sọ ẹ́ di principal?" Ni mo bá rẹ́rìn-ín, mo ní eré ni mò ń ṣe, Management ni mo mú... Àṣé wọ́n á gun ọ̀kadà lọ bá principal wa nílé, wọ́n bá mi bẹ̀bẹ̀ kí n lè máa ráyè lọ sí lẹ́kíṣọ̀ ní Thursday àti Friday. Principal buwọ́ lu lẹ́tà, Educational Management ló wà nínú ẹ̀ gàdàgbà! Lẹ́tà yẹn ni mo ṣì ń lò. Bí àṣírí bá tú, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi, mo mọ̀.

Mo ti parí semester kan, tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń jí. Ṣé kí n wá fi ayé mi jókòó sí office, kí n máa to time-table, torí kí wọ́n lè máa pè mí ní VP? Èmi kọ́! Ẹni tó bá fẹ́ ní kí n yí course padà, kó dákẹ́, ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Àmọ́ Sunday tó kọjá, bàbá mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ìjọ bá àwọn dúpẹ́ lórí mi, omi lé ròrò lójú wọn... Bàbá mi ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ni, àbí principal? Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí wọ́n á fi mọ̀ pé mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé mi ò sì ní fi kòkòrò mi sílẹ̀?