Ìyá Gíláàsì àti Kọ́kọ́rọ́ Mọ́kànlá

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa kẹ́dùn, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ìtàn ìyá wa ni ẹ mú lọ́wọ́ yìí, ẹni tí ìlú ń pè ní Ìyá Gíláàsì títí orúkọ àbísọ wọn fi di ohun tí ilé ìwòsàn nìkan ń lò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ̀ wọ́n tán, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Àwa tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wẹ̀, ẹnu ṣì ń yà wá.

A bí Màmá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ọdún 1941, nínú yàrá tí ó wà lókè ilé oníbúrẹ́dì ní òpópónà àárín ìlú. Bàbá wọn ni onílẹ́tà tí ó fi kẹ̀kẹ́ pín ìwé fún ìlú fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n; ìyá wọn a máa rán aṣọ ọmọdé. Bàbá tí ó bí bàbá wọn wà lára àwọn tí ó fi orúnkún rìn, tí wọ́n to òkúta òpópónà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó ṣì jẹ́ ẹrẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn ẹlòmíràn bá ní ilé bàbá, Màmá ní òpópónà bàbá. A gbọ́ pé ooru ààrò búrẹ́dì a máa gba inú pákó ilẹ̀ gòkè wá ní àfẹ̀mọ́júmọ́, débi pé ẹsẹ̀ ọmọ náà kò mọ ohun tí à ń pè ní ilẹ̀ tútù títí ó fi di akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọdún 1947 ni Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1953. Ìwé àbájáde ti ọdún kẹrin ṣì wà lọ́wọ́ wa. Olùkọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ yìí kì í wo pátákó, fèrèsé ni ó ń wò. Nígbà tí bàbá wọn kà á tán, ó béèrè ohun tí ó wà lójú fèrèsé náà gan-an. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: bí onígbàjámọ̀ ṣe ń gbọn aṣọ ìnura lẹ́ẹ̀mẹ́ta mọ́ ara òpó kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó jókòó, bí bàbá arúgbó kan ṣe ń ṣí fìlà fún òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì apòògùn, bí gbogbo aago tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù atúnaagoṣe ṣe ń bá ara wọn jiyàn, tí ọkùnrin náà sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú sùúrù bí onídàájọ́. Ó ṣàlàyé títí oúnjẹ fi tutù. Bàbá kò bínú. Ó ní kí olùkọ́ má ṣèyọnu, ọmọ òun ń kàwé. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú.

Ní ọdún 1957, Màmá di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ tí ó kọjú sí ilé oníbúrẹ́dì. Ọ̀gá wọn gbà pé ohun tí a kò bá pàtẹ, a kò ní i. Ó ti kó ìdì aṣọ mẹ́rìndínlógójì sí ẹ̀yìn gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ìmọ́lẹ̀ kò sì ráyè wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ọ̀gá lọ jẹun ọ̀sán, Màmá kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Wọ́n fọ gíláàsì, wọ́n gbé àga kan sí àárín, wọ́n sì da aṣọ aláwọ̀ sánmà kan ṣoṣo lé e lápá, bí ẹni pé ẹni tí ó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni, yóò padà wá láìpẹ́. Ọ̀gá dé, ó dúró láàárín títì, ó ní, “Ọmọbìnrin, ṣé olè ló jà wá ni?” Kò tí ì bínú débi tí ó fẹ́ bínú dé tí ìyàwó apòògùn fi wọlé wá béèrè aṣọ náà, tí àwọn mẹ́rin mìíràn sì dúró síta tí wọ́n kàn ń wò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti fi ojú ṣọ́ọ̀bù lé Màmá lọ́wọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ ohun tí ó wà lẹ́yìn gíláàsì, gbogbo Ọjọ́bọ̀ náà sì ni àwọn tí kò ní ohunkóhun í rà ń fẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Férémù gíláàsì yìí ni ó mú ọkọ wá. Ní ọdún 1962, ọ̀gá pe káfíńtà kan láti tún un ṣe. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Káfíńtà fi ọjọ́ mọ́kànlá ṣe é. Ọ̀gá aláṣọ ní bí igi náà kò bá so èso, yóò kúkú hu ewé. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1963, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin dá wọn lọ́lá. Ní ọdún 1979, ọ̀gá tí ó ti darúgbó fi ṣọ́ọ̀bù náà lé Màmá lọ́wọ́ pátápátá. Bàbá wa, káfíńtà onísùúrù, re ibi àgbà ń rè ní ọdún 1995. Màmá kò sá fún ayé nítorí ọ̀fọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé ìsìnkú, wọ́n pààrọ̀ ojú ṣọ́ọ̀bù bí ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n àga nìkan ni wọ́n gbé síbẹ̀, wọn kò da aṣọ kankan lé e. Gbogbo òpópónà lóye.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í fi ẹnu ṣe ẹ̀sìn. Fún ogójì ọdún ni wọ́n fi ń fọ fèrèsé ilé ìjọsìn ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Oníwàásù sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ yìí pé òun ni ó ń wàásù ìmọ́lẹ̀, Màmá ni ó ń la ọ̀nà fún un.

A kò ní fi apá kan ìtàn yìí pamọ́. Ní ọdún 1998, a kọ́ ilé ìtajà ńlá kan sí ẹ̀yìn ìlú, ibi tí ènìyàn ti lè ra bàtà, oògùn, búrẹ́dì àti aago lábẹ́ òrùlé kan. Àkọ́bí Màmá, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, ni a fi ṣe máníjà ibẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: atúnaagoṣe ló kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ni aránbàtà, lẹ́yìn náà ni olùtàwé. Nígbà tí ó fi di ọdún 2008, mọ́kànlá nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́tàlélógún tí ó wà ní òpópónà náà ti di òfìfo. Wọ́n lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gíláàsì wọn. Eruku ṣe ìyókù. Àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, nítorí ojú tí ó fọ́ kì í wu ni í wò.

Àwọn ará àdúgbò ń retí ọjọ́ tí Màmá yóò bá ọmọ wọn jà. Ọjọ́ náà kò dé. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó aṣọ wọn wá sínú ilé ìtajà ńlá, òun ti tọ́jú àyè tí ó dára jù lọ dè wọ́n. Màmá múra, wọ́n lọ wò ó. Wọ́n yìn ín tọkàntọkàn: ilẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ tutù, àwọn òṣìṣẹ́ mọ ènìyàn kí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kò gbàgbé títí di òní.

“Ọmọ mi, o ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń gba ibí kọjá lọ síbòmíràn.”

Wọ́n padà sí òpópónà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lọ bá onílé, ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá náà, wọ́n tọrọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ tà. Màmá ní àwọn kò fẹ́ ta nǹkan kan, gíláàsì ni àwọn fẹ́ fọ̀. Onílé rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n má baà sunkún. Màmá yọ ìwé ìròyìn, wọ́n fi garawa àti àkísà fọ ojú mọ́kànlá, wọ́n sì lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń yá ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ olúkúlùkù. Nínú gíláàsì kan, wọ́n gbé ìgò tí ó kún fún bọ́tìnnì sí ibi tí oòrùn àárọ̀ yóò ti bá a. Nínú òmíràn, tábìlì kékeré pẹ̀lú ife méjì, ọ̀kan ti gbẹ, èkejì kù díẹ̀. Nínú òmíràn, bàtà àkọ́wọ̀ ọmọ kan, tí ọmọ náà ti di awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n kọ ọ́ sórí páálí pé, “Láti ojúlé kẹrìnlá. Kì í ṣe títà. Ẹ wò ó.”

Ẹ gbà wá gbọ́, ìlú wá wò ó. Awakọ̀ náà dúró níwájú bàtà tí kò lè gba àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí òun sinmi láti ọjọ́ ìgbéyàwó, bàtà lásán ló wá pa á lẹ́nu mọ́. Àlejò kan dé, kò ka páálí, ó jókòó sórí àbáwọlé ṣọ́ọ̀bù bọ́tìnnì fún wákàtí kan, ó ń dúró de oníṣọ́ọ̀bù. Oníbúrẹ́dì ṣàánú rẹ̀, ó gbé tíì fún un, ó ní ẹni tí ó ń retí yẹn, wọn kò tí ì bí i. Àlejò rẹ́rìn-ín, ó bi í léèrè ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni àlejò náà. Kí oṣù tó parí, onílé ti gbà á ní ayálégbé, Màmá ti fi kọ́kọ́rọ́ kan lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ru ìgò bọ́tìnnì padà sílé ẹni tí ó ni ín bí ẹni tí ó ru adé.

Ní ọdún 2012, onílé kú. Ọmọ rẹ̀ tí ó jogún kò ní sùúrù bàbá. Mẹ́ta péré nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́kànlá náà ni ó ti gba ayálégbé. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ ṣì wà lọ́wọ́ Màmá. Ọmọ onílé kọ̀wé pé òun yóò kan pátákó mọ́ ojú ṣọ́ọ̀bù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun yóò sì ta ilẹ̀ náà fún ẹni tí yóò wó wọn. Ọjọ́ náà pé. Ọmọ onílé dé pẹ̀lú àwọn káfíńtà, pátákó àti ìṣó. Ẹ̀gbọ́n wa náà wá, ó ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ láti mú Màmá lọ sílé rẹ̀ kí ojú wọn má baà rí i. Ó bá wọn lórí àkàbà pẹ̀lú garawa, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wọ́n ń fọ gíláàsì.

Ọmọ onílé rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Màmá, pátákó la fẹ́ kàn mọ́ ọn o.”

“Mo gbọ́. Ẹ̀yìn pátákó náà yẹ kó mọ́.”

Wọn kò yára, wọn kò sì fi falẹ̀. Bí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fọ̀ ọ́. Gíláàsì kan parí, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbé àkàbà lọ sí òmíràn. Àwọn káfíńtà fi òòlù wọn sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ní gíláàsì kẹta, ẹ̀gbọ́n wa bọ́ kóòtù máníjà, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó mú àkísà kejì. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán, gíláàsì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró bí omi tí a gbé nàró: gbogbo òpópónà wà nínú wọn, òkúta tí ó wà nílẹ̀, ìkùukùu tí ó wà lókè, àti ọmọ onílé tí ó ń wo ara rẹ̀ tòun ti pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kan méjì tí òrùlé wọn ti jẹrà. Ó ní kí wọ́n kó ìyókù padà.

Méjì náà ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí báyìí, Màmá kò sì fi bò pé ó dun àwọn. Ṣùgbọ́n nínú mẹ́fà tí ó kù, mẹ́rin ti ní ayálégbé: onígbàjámọ̀ kan, aránṣọ kan, tọkọtaya olùtàwé, àti obìnrin kan tí ń ta òdòdó. Ẹ̀gbọ́n wa kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣe é títí ó fi fẹ̀yìntì ní ọdún 2020; ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ó ń wá di àkàbà mú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ dá Màmá lọ́lá, Màmá ní àkàbà tí ó gùn sí i ni àwọn ń fẹ́. Àwa ọmọ la kọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2023, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, Màmá sùn lórí àga nínú yàrá tí a ti bí wọn, wọn kò jí mọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì wà lápò wọn. Lánàá, bí a ti ń ṣètò ìwé yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Ó ti ìlú mìíràn wá, kò mọ̀ pé òkú wà nílé. Aago ni ó ń tún ṣe, ó sì fẹ́ mọ ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù tí ife méjì wà lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lé atúnaagoṣe àkọ́kọ́ lọ, dìde. Ó bá a sọ̀kalẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e ní àtẹ́lẹwọ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń fọ gíláàsì náà, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ já geere. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní kí wọ́n má ṣèyọnu, kí wọ́n kúkú fi hàn òun ní Ọjọ́bọ̀.

Màmá fi àwọn wọ̀nyí sáyé lọ: àbúrò wọn ọkùnrin kan, ọmọ mẹ́rin (máníjà tí ó ti fẹ̀yìntì, nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ kan, àti àbígbẹ̀yìn tí ó jogún ṣọ́ọ̀bù aṣọ), ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àrọ́mọdọ́mọ méjì, àti kọ́kọ́rọ́ kan.

Ìyá Gíláàsì, o ti rí wa tó, jẹ́ kí á wá máa rí ara wa. Òkúta tí bàbá bàbá rẹ tò ni a ó gbé ọ gbà kọjá, a kò sì ní yára. Sùn re o, ìyá wa. Ojú rẹ kò ní í rí òkùnkùn.