Ọjọ́ Ìbí Tó Wà Nínú Àpótí Mi

Ìwọ àbúrò mi,

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Má pè mí, mo ti pa fóònù. Àwọn tó ń sin gbèsè yẹn pè nígbà mẹ́fà kí n tó wọ bàtà láàárọ̀ yìí. Obìnrin kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ san owó wa, ẹ má sọ ara yín di olè." Mo ní n kò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ló bá ka ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé wọn sí mi létí.

Wọn ò bí mi lọ́jọ́ yẹn. Màmá wa ló kàn dárúkọ ọjọ́ náà fún tíṣà kí wọ́n lè gbà mí síléèwé. Kò sí nínú ìwé mìíràn àfi káàdì iléèwé tó wà nínú àpótí mi, ìwọ nìkan lo sì mọ ibi tí mò ń fi kọ́kọ́rọ́ sí. O rò pé òótọ́ ni, o dà á kọ sínú ìwé tí o fi yá owó lórúkọ mi.

Mo ti pààrọ̀ àgádágodo. Lọ bá wọn kí n tó dé nírọ̀lẹ́, kí o sọ pé ìwọ lo yá a. Bí wọ́n bá tún pè mí, nọ́ńbà àwọn àna rẹ ni n óò fún wọn.

Láti ọjọ́ tí o ti ta kẹ̀kẹ́ mi ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn. O ò ní ta orúkọ mi mọ́ ọn.