Ẹ Má Torí Gíga Yan Wàídì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Màámi, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ojú tí ẹ fi ń wọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n wà. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Káfáyà àti ọkọ wọn, mo kí àwọn ọmọ. Wàídì, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, ṣùgbọ́n Bàbá ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Mo gbé lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń wọn ọmọ mọ́ ara ilẹ̀kùn.

Ní Jímọ̀ tó kọjá tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Bàbá, inú yín dùn. Ẹ ní ajẹ́ǹtì tó mú mi wá síbí tún ti ń kó àwọn ọmọkùnrin jọ fún iṣẹ́ síkiọ́rítì, pé ẹni tó ga ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ ní ẹ mú Wàídì dúró lára férémù ilẹ̀kùn, ó sì ti ga jù mí lọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ bá Ọ̀gá Táyọ̀ ní Òṣogbo kí ó yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fíríìjì tó ń kọ́, bó tilẹ̀ ku ọdún kan péré kó ṣe fíríìdọ̀mù. Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo rí sí i, ìlà sì já kí n tó fèsì. Èsì mi nìyí.

Ẹ mọ̀ pé pápá yìnyín ni wọ́n fi mí sí, lẹ́bàá Al Barsha ní Dubai níbí. Ilé ńlá kan ni. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ omi tó dì gbagidi, àwọn èèyàn ń fi bàtà onírin yọ̀ kiri lórí rẹ̀. Níta, oòrùn ń jó débi pé irin ilẹ̀kùn kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nínú, mo ń wọ súwẹ́tà sábẹ́ aṣọ iṣẹ́. Ara mi kò mọ èyí tí yóò gbà nínú méjèèjì, ikọ́ kì í sì í fi mí sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, àwọn òyìnbó Kánádà máa ń wá gbá họ́kì níbẹ̀. Wọ́n á fi igi gígùn lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri orí yìnyín. Bí wọ́n bá gbá a tán, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní tòsí mi láti tú bàtà, wọ́n á sì máa jà lórí ẹgbẹ́ ìlú wọn tó wà lókè òkun. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kì í ṣe ìdíje tí wọ́n gbá tán. Ọmọ yíyàn ni. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá lọ́hùn-ún máa ń pàdé láti mú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ tó bá burú jù ni yóò sì kọ́kọ́ mú. Ẹgbẹ́ tiwọn ti ń burú bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, nítorí náà wọ́n ti mú ọmọ púpọ̀. Síbẹ̀ wọn ò gòkè.

Ọ̀gbẹ́ni Graham, tó jẹ́ tíṣà ní Mirdif, ní ohun tó fà á ni pé wọn kì í mú ọmọ tó tóbi. Ó ní bí ewé ni wọ́n ṣe ń gbá àwọn ọmọ kéékèèké yẹn mọ́ ògiri. Ó ní èèyàn lè kọ́ ọmọ ní gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ ní gíga. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Brian, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Jumeirah Lake Towers, ní kí Graham lọ wú òpó iná kan, kó wọ bàtà onírin fún un, kó wá wò ó bóyá òpó náà yóò gbá góòlù wọlé. Ó ní ọwọ́ àti ojú ni kí wọ́n máa wò. Ó bi Graham pé ọmọ gìrìwò tí wọ́n torí gíga mú lọ́jọ́sí dà. Graham ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ náà ń bọ̀ lọ́nà. Brian ní òótọ́ ni, ó ń bọ̀ lọ́nà, ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń kó gẹdú ló ń wà bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Brian sọ lọ́jọ́ mìíràn tí kò kúrò lọ́kàn mi. Graham ń pariwo pé aṣọ́lé, ẹni tó ń dúró lẹ́nu góòlù, ni ẹgbẹ́ wọn kò ní, pé òun ni kí wọ́n mú dandan. Brian ní ọmọ tí o bá mú lónìí, ó di ọdún mélòó kan kó tó gbó. Kó tó gbó, ẹlòmíràn á ti dí ihò tí o torí ẹ̀ mú un, ihò tuntun á ti là níbòmíràn, ìwọ á wá jókòó máa wo ọmọ tí o kò mọ ohun tí o fẹ́ fi í ṣe.

Bàbá, èmi nìyẹn.

Ẹ rántí ìgbà tí ẹ yàn mí. Mo ti kàwé jáde ní yunifásítì, mi ò ríṣẹ́, mo sì ga. Nígbà náà, Dubai ń kọ́lé bí ẹni ń gbin àgbàdo, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn àwọn ilé náà. Ní Ìkẹjà, ajẹ́ǹtì tò wá síwájú ògiri tí wọ́n fa ìlà pupa sí. Ẹni tí orí rẹ̀ bá kọjá ìlà, kó bọ́ sápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo kà. Kí físà tó jáde, ọjà ilé ti wó. Láti inú metro tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo ń rí àwọn ilé tó ga tí kò ní fèrèsé, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé símẹ́ńtì dúró sórí wọn láìmira. Wọ́n ti dá àwọn síkiọ́rítì tó pọ̀ padà sílé. Owó oṣù àwa tó kù ń pẹ́ kó tó dé, nítorí náà ẹ má wo ọ̀nà mi ṣáájú Iléyá.

Àwọn ará Íńdíà méjì ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń mú omi pápá náà dì. Iṣẹ́ wọn kò jìnnà sí èyí tí Wàídì ń kọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Bí síkiọ́rítì bá dín kù, àwọn tó kù á dúró pẹ́ sí i lórí ìdúró. Bí yìnyín bá yọ́, kò sí pápá mọ́.

Lọ́jọ́ kan Graham kọjú sí mi, ó ní Ràṣídì, irú ìwọ yìí gan-an la nílò, ta ló gbàgbé láti mú ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní wọ́n ti mú mi rí, ní Ìkẹjà, lára ògiri onílà pupa. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Mo wá bi wọ́n pé àwọn ọmọ tí wọ́n bá mú tí wọn ò wúlò ńkọ́, níbo ni wọ́n ń lọ. Graham ní wọ́n á rán wọn lọ sí ìlú kékeré kan tó tutù, wọ́n á máa gbá a níbẹ̀ títí yóò fi sú wọn. Brian kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tú okùn bàtà tó ti tú tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ́fíìsì Brian fi tì. Ó wá dágbére fún mi, ó ní khalas, ó ti parí, òun ń padà sílé ìyá òun. Graham nìkan ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì báyìí. Ó ṣì ń jà lórí ọmọ yíyàn, èmi ló sì ń bá jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Brian ló wá wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ló sọ di ẹni tó fẹ́ràn ọmọ gíga.

Bàbá, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí Wàídì parí iṣẹ́ tó ń kọ́. Mi ò ní tàn yín pé bó bá parí, ilẹ̀kùn kan yóò ṣí. Ó lè gba fíríìdọ̀mù tán kí iná ìjọba má jẹ́ kó rí fíríìjì tún ṣe. Mo tilẹ̀ bi ọ̀kan nínú àwọn ará Íńdíà yẹn bóyá wọ́n lè gba ọmọ Nàìjíríà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó pè mí ní habibi, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rẹ́ níbí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló mú òun wọlé, ṣé èmi ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ ni. Kì í ṣe pé mo rí ọ̀nà kan tí ẹ̀yin kò rí. Mi ò rí ọ̀nà. Ohun tí mo rí kò ju pé gíga kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá dá ẹni gíga padà, gíga náà ni yóò gbé padà sílé, ọdún tó lò níbí kò ní bá a lọ.

Mo mọ̀ yín, Bàbá, mo sì gbọ́ bí ohùn yín ṣe rí lórí fóònù. Kí ìwé ìròyìn yìí tó dé Ẹdẹ, Wàídì lè ti wọkọ̀ lọ Ìkẹjà. Ní Sharjah, ìlú tó kángun sí Dubai tí mò ń gbé, Múrí, ọmọ Ìlọrin, nìkan ni mo ń bá sọ Yorùbá nínú yàrá wa. Wọ́n fagi lé físà rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti lọ. Àwọn tó kù, kálukú kọjú sí ògiri pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ibùsùn Múrí, èyí tó wà lókè tèmi, ṣófo, ẹni tó ni yàrá sì ti ń wá ẹni tí yóò gbà á. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a dúró ná. Ó ní ibùsùn náà kúrú. Mo ní mo mọ̀, ẹsẹ̀ àbúrò mi yóò yọ síta, kó ṣáà dá a dúró.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Kó má jẹ́ kí ilé tú nígbà tí a ò sí níbẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹni tó bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràṣídì,
ní Sharjah.