Kùrukùru Ọjọ́ Mẹ́ta

Ìyá mi,

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ara mi le níbí ní Sebta ti Sípéènì, mo tilẹ̀ ti sanra. Láti òrùlé Doña Remedios, ọ̀gá mi, ni mo ti ń wo òrùlé yín lẹ́yìn ọgbà wáyà ààlà. Ó máa ń dà bíi kí n nawọ́ kàn án. Ọkọ ọ̀gá mi, ṣọ́jà àtijọ́, máa ń na ìka sí àwọn ọkọ̀ ojú omi: "Lwiza, má kàn máa sá aṣọ, wò ó! Ẹni tó bá di àpáta kékeré yìí mú, ọ̀fun òkun ló dì mú. Sípéènì ò ní í yọ ẹsẹ̀ níbí láé!" Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín.

Hnia àbúrò mi ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi ta kúbùsù pupa sórí òrùlé, bí àdéhùn wa, kí n lè mọ̀ pé àìsàn Bàbá ti le. Ìyá mi, kùrukùru ni. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n ò rí nǹkan kan. Lóòótọ́, ẹni tó bá jáde ní Sebta báyìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà kì í jẹ́ kó wọlé padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ká ní mo rí i ni, ǹ bá sáré wá.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Kí Hnia bá wa rán etí kúbùsù yẹn. Bóyá kò tíì kíyè sí i: láti ọjọ́ kejì ni afẹ́fẹ́ ti ń fà á ya.

Ọmọ yín,
Lwiza