Mo yọ orúkọ àwọn ọmọ mi kúrò nínú fọ́ọ̀mù físà ìyáálé mi

Èmi ni mo ba físà ìyáálé mi jẹ́. Àwọn kan ní ayé ni, àwọn kan ní ọ̀tá ilé ni, aládùúgbò wa kan tiẹ̀ ní ká lọ wádìí àwọn ẹbí ọkọ wa wò... kò sí ayé kankan níbẹ̀, èmi ni, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é. Ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń fi í pamọ́ fún gbogbo ilé. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí tó bá fi máa di Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ yìí lè kọjá àtúnṣe.

Fìdítì la ń gbé. Ọkọ wa ti ṣaláìsí, àwa ìyàwó méjì ni wọ́n fi sáyé lọ. Ìyáálé mi bí ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn ti dàgbà, wọ́n ti túká. Èmi bí mẹ́ta, àwọn yẹn ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ wa kú tí àwọn ẹbí ní kí n kó ẹrù mi, ìyáálé mi yìí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ẹni tó bá máa lé mi á kọ́kọ́ lé àwọn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo ṣe báyìí fún. Tíṣà ni mí ní Ìlọra, mo máa ń gun ọ̀kadà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, torí náà ìyáálé mi ló ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, àwọn ló ń fún wọn lẹ́kọ mu, orúkọ wọn ló wà níléèwé pé àwọn ni màmá, yàrá wọn ni àwọn ọmọ ń sùn sí. Ó dáa, àbí? Ó dáa lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyáálé mi ni àwọn ọmọ ń pè ní Màámi. Èmi tí mo rọbí wọn, Áńtí ni wọ́n ń pè mí! Torí pé Áńtí ni àwọn ọmọ ìyáálé mi ń pè mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, àwọn tèmi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, bó ṣe mọ́ wọn lára nìyẹn. Nígbà kan tí ibà ń ṣe èyí tó kéré jù, mo gbé e lé ẹsẹ̀, ńṣe ló ń ké pé kí n bá òun pe Màámi. Mo rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, mo sì gbé e lọ fún Màámi ẹ̀.

Wàyí o... Mulíkà, mo yí orúkọ ẹ̀ padà o, ni àkọ́bí ìyáálé mi, Áyálándì ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ ẹ̀. Ó ti wá ọmọ tipẹ́tipẹ́, Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lóhùn ni, ìbejì ló wà níkùn ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfúnpá ẹ̀ ga, dókítà ní kó má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ ẹ̀ ń wa tírélà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin lójú títì kó tó wálé. Ló bá ní kí ìyá òun wá. Ó fi lẹ́tà ìpè ránṣẹ́, ó fi ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ àti ìwé iṣẹ́ ẹ̀ sí i. Ìyáálé mi ò mọ̀wé, ọwọ́ mi ni gbogbo èyí tó kù bọ́ sí. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré o! Fọ́tò tí ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, ìwé báńkì oṣù mẹ́fà, ìwé ikú ọkọ wa, ìwé tó fi hàn pé ìyáálé mi ló bí Mulíkà, ínṣọ́ránsì ìrìn àjò, lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ń yan gààrí pé ọmọ ẹgbẹ́ ni ìyáálé mi, pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn... mo sáré Ọ̀yọ́, mo sáré Ìbàdàn. Kódà ẹrù tí wọ́n fẹ́ gbé, èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹran ò gbọdọ̀ wọ ìlú àwọn òyìnbó yẹn, ì báà jẹ́ gbígbẹ. Háà, ìyáálé mi jà! Wọ́n ti yan ọ̀yà sílẹ̀ fún ọmọ wọn, wọ́n ní irú ìlú wo ló máa ní kí abiyamọ má jẹ ọ̀yà. Mo yọ ọ́, wọ́n tún rì í mọ́ inú èlùbọ́. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

A wá dé ibi tí wọ́n ti ní ká kọ orúkọ àwọn ọmọ, ọjọ́ orí wọn àti ibi tí wọ́n wà. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí mo béèrè pé mélòó, ìyáálé mi wò mí bí ẹni pé mo bú wọn ni, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ lọ látorí Mulíkà. Wọ́n dárúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tiwọn, wọn ò mí, wọ́n bọ́ sórí tèmi, wọ́n tún ki èyí tó kéré jù ní oríkì mọ́ ọn. Wọn ò tiẹ̀ wojú mi. Bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀! Mo sọ lọ́kàn mi pé ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n ti gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ mi nínú ilé, wọ́n ti gbà wọ́n níléèwé, wọn ò ní gbà wọ́n nínú ìwé òyìnbó. Mo ń mi orí, mo ń kọ̀wé, mẹ́rin péré ni mo kọ. Mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ ìka sí hàn wọ́n, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. Ṣé irọ́ ni mo kọ? Ṣebí èmi ni mo bí wọn? Ohun tí mo ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó rínú mọ̀ pé kì í ṣe nítorí òótọ́ ni mo ṣe kọ ọ́.

Èkó la ti lọ gba èsì. Ìyáálé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ja tẹ̀súbáà. Mo ṣí lẹ́tà. Àwọn òyìnbó ò fún wọn. Wọ́n ní Mulíkà kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìpè pé ọmọ méje ni ìyá òun ní, pé àwọn àbúrò òun mẹ́ta ṣì kéré lọ́wọ́ ìyá òun, nítorí wọn ló ṣe máa tètè padà. Èmi tí mo to ìwé, mi ò ka lẹ́tà yẹn dé ìsàlẹ̀, mo rò pé ìpè lásán ni. Fọ́ọ̀mù tiwa wá ní mẹ́rin, gbogbo wọn ti dàgbà. Àwọn òyìnbó ní ọ̀rọ̀ ò bára mu, pé opó ni obìnrin yìí, àwọn ò rí ohun tó máa fà á padà sílé. Ẹ gbà mí o! Ohun tó máa fà wọ́n padà sílé, àwọn ọmọ tí mo yọ yẹn ni! Mulíkà ò pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ bàbá rí láyé ẹ̀, àní nínú lẹ́tà tó kọ sí ìjọba, àbúrò òun ló pè wọ́n. Ìyáálé mi ní kí ni wọ́n kọ. Ó kàn jábọ́ lẹ́nu mi ni, mo ní wọ́n ní owó tó wà ní báńkì kéré. Ìyáálé mi ò sunkún, wọ́n ní ṣebí owó ni, owó kì í ṣe ikú.

Àṣé ìyáálé mi ti ń gbèrò láti ta oko ọsàn tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn ní Ìmínì. Wọ́n ti rí ẹni tó máa rà á. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ẹni náà ń bọ̀, kí wọ́n lè kó owó ẹ̀ sí báńkì. Èmi sì mọ̀ pé kì í ṣe owó, mo tún mọ̀ pé owó ńlá tó bá ṣàdédé wọ báńkì, ńṣe ló máa jẹ́ kí àwọn òyìnbó túbọ̀ fura. Ilẹ̀ á lọ, físà ò ní jáde. Mulíkà ń sọ lójoojúmọ́ pé kí n ya fọ́tò lẹ́tà náà fún òun, mo ní fóònù mi bàjẹ́, mo ní lẹ́tà wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá wa ṣe é... irọ́ lórí irọ́. Wọ́n tún ti sáré gbé e lọ sọ́sípítù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé Áńtí, ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé màmá mi wá.

Mo ti fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan tó mọ̀ nípa ẹ̀, mo ṣe é bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Ó ní ọ̀nà wà, àyè ṣì wà láti kọ̀wé pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ti ń lọ. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ló máa jẹ́wọ́ ohun tó ṣe nínú ìwé, kí iléèwé kọ lẹ́tà, kí ẹni tó bí àwọn ọmọ wá lọ búra ní kóòtù pé ọwọ́ ìyáálé òun ni wọ́n wà, ìyáálé náà ló ń tọ́ wọn. Èmi nìyẹn! Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kóòtù lẹ́ẹ̀kan, mo padà. Tí mo bá búra, tí ìyáálé mi sì gbọ́ ìdí ẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ta ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà fún mi? Ta ni àwọn ọmọ máa tẹ̀lé? Mo mọ ẹni tí wọ́n máa tẹ̀lé.

Láàárọ̀ yìí, ìyáálé mi wọ yàrá mi. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ máa mú ìwé àdéhùn dání, ó fẹ́ mú lọ́yà tiẹ̀ wá kà á, àwọn sì ti sọ fún un pé kó má yọnu, àwọn ní ìyàwó tó mọ̀wé nílé. Wọ́n ní kí n tètè ti iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kí n kà á fún àwọn, ohunkóhun tí mo bá ní ó wà níbẹ̀ ni àwọn máa gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n jẹ́wọ́ fún wọn kí ẹni yẹn tó dé? Àbí kí n kọ́kọ́ sọ fún Mulíkà, pẹ̀lú oyún àti ìfúnpá tó ń bá jà? Ṣé kí n yọ́ lọ búra láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ̀yin ìyáálé tó wà lórí pèèjì yìí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bẹ̀, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyàwó yín ṣe báyìí fún, ṣé ẹ máa lè dárí jì í? Ọjọ́rú lòní. Ẹ má jẹ́ kó di Jímọ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn.