Màmá Roseline Monísọ́lá Akínlabí (1956–2025): Ẹni Tó Ń Jókòó Ti Aláìsàn

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1956 ni a bí Màmá wa ní ìlú Ìkìrun, sí ìdílé Olóògbé Julius Adégbénga, káfíńtà, àti Olóògbé Rodiyat, aya rẹ̀. Àwọn ni àkọ́bí. Wọ́n lọ sí ilé ìwé girama níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo. Àbúrò wọn, Adéfẹ́mi, kò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà nílé.

Ní ọdún 1983, wọ́n fẹ́ Olóògbé Ẹnjiníà Akínlabí. Ní 2004, tọkọtaya náà kó wá sí Martindale ní Calgary yìí.

Ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú arúgbó Júù kan ní Beltline, Màmá Zelda. Ọ̀pá ni Màmá Zelda fi ń rìn, síbẹ̀ kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í lọ kí aláìsàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ lọ, Màmá wa dúró síbi orí aláìsàn, wọ́n gbé àdúrà sókè. Màmá Zelda fà wọ́n láṣọ: “Roseline, jókòó. Ọlọ́run ti wà níbi orí rẹ̀. Má dí I lọ́nà.” Báyìí ni àwọn Júù ṣe ń ṣe é: àlejò á jókòó sísàlẹ̀, á sì dákẹ́ títí aláìsàn yóò fi sọ̀rọ̀. Wọn kì í kà á sí àánú. Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni.

Lẹ́yìn ikú Màmá Zelda ní 2011, Màmá wa ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Seton ní gbogbo Tuesday àti Saturday, sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ọmọ Yorùbá tí kò ní ẹnì kankan níhìn-ín. Kànmí, ọmọ wọn, sọ fún wọn pé, “Mummy, it’s minus thirty. Just call them.” Wọ́n ní, “Fóònù ò lè jókòó.” Ní 2015, onílé kan kó ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìdùnnú, síta nígbà tó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Màmá gbé àga jókòó síwájú ilé onílé náà fún ọjọ́ mẹ́ta nínú snow, títí onílé fi dá yàrá náà padà fún un.

Ní 2018, ìgbìmọ̀ ìjọ kan gba ipò olórí obìnrin lọ́wọ́ wọn, pé ẹ̀kọ́ Júù ni wọ́n ń kó wọ ìjọ. Orúkọ mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìwé tí wọ́n kọ sí wọn. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà dá dùbúlẹ̀ ní Seton, Màmá jókòó tì í fún ọjọ́ mọ́kànlá. Màmá ti dárí jì wọ́n. Ìwé náà ṣì wà nílé.

Nígbà tí àìsàn kan Màmá fúnra wọn, ìdílé jókòó sísàlẹ̀, a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, “Ta ni yóò wà lọ́dọ̀ Ọlábánjọ?” Òṣìṣẹ́ warehouse ni Ọlábánjọ, kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ní ẹbí kankan ní Canada. Gbogbo Tuesday ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Màmá dákẹ́ lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀: Dóyin àti Kànmí, ọmọ-ọmọ: Tamílọ́rẹ, Fikáyọ̀ àti Olúwadùnsìn, àti àbúrò, Adéfẹ́mi, tó wà níhìn-ín pẹ̀lú wa, ẹni tó ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ wá pé iṣẹ́ àwọn Júù kò kan òun.

Tuesday ni òní. Aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò so Ọlábánjọ mọ́ ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni má bínú bí Adéfẹ́mi bá dìde kí oúnjẹ ìsìnkú yìí tó kárí.

Màmá, ẹ sùn ire. A ti ń lọ.