Okùn Antẹ́nà Tí Ẹ Fà Wọ Yàrá Ìyá

Bàbá mi, ẹni ọ̀wọ́ mi,

Ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé a kì í kí ẹni tó ti lọ báyẹn, ṣùgbọ́n inú yàrá yín ni mo wà bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, lórí àga yín tó dojú kọ tẹlifíṣọ̀n. N kò mọ ìkíni mìíràn tí mo lè kí ẹni tí mo wá bá nínú yàrá rẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé. Àwọn igi kajú yín ní Alafiarou ti ń yọ òdòdó, iṣu ọdún yìí sì dára. Ọkọ̀ ojú irin kò kọjá ní Tchaourou mọ́. Koríko ti bo ojú irin débi pé ewúrẹ́ ń jẹ̀ níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Ràímì ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní Libreville, ó ti ń hu ewú, kò sì fẹ́ ká sọ ọ́. Ìyá wà láàyè. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ọ̀rọ̀ okùn antẹ́nà yín, nítorí ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé okùn náà wá láti Kútọnù? Mo ṣì kéré nígbà náà. Ìjọba tuntun ti dé, àwọn ènìyàn ti ń sọ tinú wọn nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹ sì ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín máa gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ fi okùn dúdú náà kọ́ èjìká. Ọwọ́ ara yín lẹ fi lu ihò sára ògiri amọ̀. Ẹ fà á láti ara òpó antẹ́nà wọ yàrá yín, ẹ fà á láti ibẹ̀ lọ sí yàrá àlejò níwájú, ẹ tún fà á lọ sí yàrá Ìyá lẹ́yìn pátápátá. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yín, oríta lẹ pè é. Àwọn ará àdúgbò ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń fi okùn so ilé yín mọ́lẹ̀ kó má baà sá lọ.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń wo ìròyìn. Tí oníròyìn bá ti kí àwọn ènìyàn kú alẹ́, ẹ máa ń dá a lóhùn, ẹ óò tún béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Tí ó bá sọ ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ óò bọ́ fìlà, ẹ óò gbé e lé orúnkún, ẹ óò sì máa bá a jiyàn títí tí wọ́n á fi dé orí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Èmi a jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ óò bó ọsàn, ẹ óò fún mi ní ìlàjì láìwo ojú mi.

Ẹ kò fẹ́ràn ariwo. Ẹ ní ẹni tó ń pariwo pe ìyàwó rẹ̀ láti òpin ilé dé òpin ilé, màlúù ló yẹ kó máa dà. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ omi àlùwàlá, ẹ kì í pe Ìyá. Ẹ óò na ọwọ́ sí oríta, ẹ óò tú ẹnu okùn àgbà tó ti orí òpó wọlé, ẹ óò sì tún un dì. Àwòrán á ṣẹ́jú nínú gbogbo ilé. Ìyá á dìde, wọ́n á pọn omi kún búútà, wọ́n á gbé e wá bá yín. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kún yàrá àlejò, ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ wọ inú àwọ̀n gan-an ni àwòrán máa ń ṣẹ́jú. Gbogbo wọn á kígbe sí Ìyá lẹ́yìn pé ẹ ń pè wọ́n: “Tata, tonton ń pè yín o!” Ẹ kì í bínú sí wọn. Mo rò pé ó máa ń dùn mọ́ yín.

Lẹ́yìn tí a ṣe fídáù ogójì ọjọ́ yín, tí gbogbo ènìyàn ti bẹ Ọlọ́run kó tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, Ìyá ti yàrá yín, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró wọn. Ọyẹ́ ọdún náà ni mo kọ́kọ́ rí i. Ìròyìn ń lọ lọ́wọ́, mo jókòó ti Ìyá, àwòrán sì ṣẹ́jú. Ìyá kò wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n pọn omi kún búútà, wọ́n gbé e lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn yín tó wà ní títì, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n sì padà wá jókòó bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n da omi náà sí ìdí igi ọsàn, wọ́n sì fọ búútà.

Báyẹn la ṣe wà láti ìgbà náà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ń sọ fún ara mi pé òpó antẹ́nà ló ń mì, pé atẹ́gùn ni. Kò yẹ kí n bẹ̀rù tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ mo bẹ̀rù rẹ̀, Bàbá. N kò jẹ́ kọ ẹ̀yìn sí i. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí ewé igi ọsàn kò mì rárá, tí àwòrán náà á sì ṣẹ́jú. Ṣé ẹ̀yin ni? Kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe níbi tí ẹ wà?

Nígbà òjò tó kọjá, Ìyá ṣubú. Àgbàlá ń yọ̀, búútà wà lọ́wọ́ wọn, ẹnu ọ̀nà yín ni wọ́n ń lọ. Egungun ìbàdí wọn ló sán. A gbé wọn lọ sí Parakou, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn nígbà tí wọ́n padà wálé. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní tí wọ́n bá tún ṣubú báyìí, kí n má retí pé wọ́n á tún dìde. Síbẹ̀, tí àwòrán bá ti ṣẹ́jú, mo máa ń rí ọwọ́ wọn tó ń wá ọ̀pá. Bí mo bá dá wọn dúró, wọ́n á wò mí bí ẹni tó jókòó sójú ọ̀nà. Mo bínú sí yín. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yín, mo fi orí ti pákó rẹ̀, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má pè wọ́n mọ́, kí ẹ jọ̀wọ́ wọn fún wa.

Láti ìgbà náà ni Ìyá kì í ti í jáde sí iwájú mọ́, Ràímì sì ń fẹ́ rí ojú wọn. Àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní yàrá àlejò, ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ tí ẹ̀yin àti bàbá yín mọ, kò jẹ́ kó dé ẹ̀yìn. Nínú yàrá Ìyá, ojú Ràímì á dúró gbagidi nínú fóònù, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì máa bọ̀ láti ibòmíràn. Ìyá á kọjú sí ògiri. Wọ́n ní òkú ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀, kí n gbé e kúrò níwájú àwọn.

Mo wá ránṣẹ́ pe Sàbí, ọmọ Baatonu kan tó ń ṣe iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ní Parakou. Ó gun alùpùpù rẹ̀ dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri. Mo ti fọkàn sí i pé a óò lu ilé yín jálẹ̀. Ó lọ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n Ìyá, ó fọwọ́ fa okùn yín díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

“Tata, ta ló fa fíìlì yìí?”

Mo ní bàbá mi ni.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Donc, a ò lu ògiri mọ́. Bàbá ti la ọ̀nà sílẹ̀.”

Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn àpótí kékeré kan wà. A óò so ọ̀kan mọ́ okùn náà níwájú, a óò so òmíràn mọ́ ọn ní yàrá Ìyá, íńtánẹ́ẹ̀tì á sì máa gba inú okùn antẹ́nà kọjá pẹ̀lú àwòrán, ọ̀kan kò ní dí èkejì lọ́wọ́, bí ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù ṣe ń gba ojú irin kan náà nígbà ayé yín. Ó ní á yá ju èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, amọ̀ kò sì lè dá a dúró. Ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ ni ẹnu okùn tó bá dẹ̀. Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí àwọn okùn náà ti pàdé kí òun lè di gbogbo wọn le. Yàrá yín tó wà ní títì ni. Ìyá ló gbọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú kókó etí ìró wọn. Ó ti le, ó pẹ́ kó tó tú. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Bàbá, òórùn yín ṣì wà níbẹ̀, òórùn rọ́bù tí ẹ fi ń pa orúnkún. Fìlà yín wà lórí ìṣó. Eruku ti bo gbogbo nǹkan, àfi pé ògiri tó yí oríta ká dúdú, ó sì ń dán, níbi tí ọwọ́ yín máa ń dúró sí. Sàbí di ẹnu okùn àgbà mú, ó yí i, ó ń yí lófo. Ó tú u, ó fi iná fóònù wò ó pẹ́.

“Kì í ṣe ìpẹtà, tata. Ọwọ́ ló jẹ ẹ́. Ẹnì kan ti ń tú u, ó ń dì í, ó ń tú u, fún ọdún gbọọrọ. Báyìí, atẹ́gùn díẹ̀, ó ti mì.”

Mo jókòó sórí ibùsùn yín. Atẹ́gùn ni lóòótọ́, bí mo ṣe ń sọ. Ṣùgbọ́n ìka yín ló jẹ irin náà tí atẹ́gùn fi rí ibi dì mú. Kí ni kí n pe èyí? Tí ọwọ́ yín bá ṣí ọ̀nà sílẹ̀, tí atẹ́gùn wá ń gba ibẹ̀ pe ìyàwó yín, ta ló ń pè é?

Sàbí ní òun ní ẹnu okùn tuntun nínú àpò, kí òun pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní kó dúró. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Ìyá, mo sọ fún wọn pé tí a bá pààrọ̀ irin kékeré yẹn, ojú Ràímì á máa dé ọ̀dọ̀ wọn ní kedere, ṣùgbọ́n àwòrán kò ní ṣẹ́jú mọ́. Mo ń wá bí mo ṣe máa sọ ìyókù. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

“Mo mọ̀ pé atẹ́gùn ni, ọmọ mi. Nígbà tí bàbá yín wà láyé gan-an, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n pè mí ni omi tán. Mo máa ń bá búútà ní kíkún. Màá dà á nù, màá pọn òmíràn sí i.”

Wọ́n wá ní, “Ẹ dì í. Ẹsẹ̀ mi ti rẹ̀.”

Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá? Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n mọ̀? Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sí ẹsẹ̀ yín, mo rò pé omi lẹ ń fẹ́.

Ó ti dára báyìí. Sàbí di gbogbo ẹnu okùn le, iná àwọn àpótí náà sì tàn. Ojú Ràímì kún inú fóònù, kò dúró gbagidi mọ́. Ìyá wò ó tìtì, wọ́n ní ta ló da eérú sí i lórí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ń sùn dáadáa, wọn kì í wá ọ̀pá mọ́ tí ìròyìn bá ń lọ. Wọ́n ní kí n máa lo yàrá yín, pé yàrá tó wà ní títì ń jẹ ilé. Sàbí fi àpótí kan síbẹ̀ fún mi, níbẹ̀ ni mo ti ń múra iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀, mo sì gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan sí ipò tiyín.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé èmi ni ilé yóò ṣófo fún. Ìyá ti sọ tiwọn, wọ́n sì ti sinmi. Èmi, tí àkókò ìròyìn bá ti tó, n kò lè ka ìwé, n kò lè jẹun. Oníròyìn á kí wa, kò sí ẹni tó ń dá a lóhùn. Mo ń wo àwòrán náà, ó dúró gbọn-in, ó mọ́ rekete, mo sì ń dúró dè é. Èmi tí mo fi orí ti ilẹ̀kùn yín pé kí ẹ dákẹ́, ìdákẹ́ yín ló wá ń dẹ́rù bà mí ju ìpè yín lọ. Ó ń dùn mí, Bàbá. Ó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ àná, mo na ọwọ́ sí oríta. N kò fọwọ́ kan okùn àgbà, n kò sì fọwọ́ kan èyí tó lọ sọ́dọ̀ Ìyá. Èyí tó wá sí yàrá yìí nìkan ni mo tú díẹ̀, ìwọ̀nba kó lè mì tí ọyẹ́ bá fẹ́.

Ràímì pè mí lónìí. Ó ń ráhùn pé ojú mi ń lọ, ó ń bọ̀, pé kí n ní kí Sàbí padà wá wo ohun tó ṣe okùn náà. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo ní atẹ́gùn ni.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tí ìfẹ́ yín kò tíì tán lára rẹ̀.